Wáàsí Jímọ̀ òní: ẹ ka aáyà 91 kẹ́ ẹ tó débi 92

Asalaamu alaekun o ẹ̀yin èèyàn mi, Jímọ̀ wa á gbà o, àmín.

Ṣẹ́ ẹ mọ Sùúrà Yúsùfù tí àwọn áálùfáà wa n'Íbàdàn fẹ́ràn láti máa kà tí wọ́n bá ń parí ìjà ẹbí, ibi tí Ànọ́bì Yúsùfù ti sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé kò sí ẹ̀bi lórí yín lónìí, Ọlọ́hun á forí jì yín. Aáyà 92 nìyẹn. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà ní 91? Àwọn ẹ̀gbọ́n yẹn ló kọ́kọ́ lanu sọ pé àwa la jẹ̀bi. Tiwa ńbí, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n á pè sí pálọ̀ bàbá àgbà, wọ́n á ní kó fọwọ́ wọ́nú, ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ò tíì sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan o, ó wà ńbẹ̀ tó ń tẹ fóònù.

Ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ àti ìdáríjì ní Rùwáńdà ló gbé mi débí. Lọ́dún 1994, láti April 7 títí wọ July, nǹkan bí 100 ọjọ́, àwọn alákatakítí ẹ̀yà Hutu pa èèyàn tó lé ní 800,000, ẹ̀yà Tutsi ló pọ̀ jù, àtàwọn Hutu tó kọ̀ tí ò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Aládùúgbò ló pa aládùúgbò. Rédíò kan tó ń jẹ́ RTLM ń pe àwọn Tutsi ní aáyán, ó ń dárúkọ ẹni tí wọ́n máa lọ bá nílé (àwa ará Ìbàdàn tá a fẹ́ràn rédíò báyìí, ẹ ṣọ́ra fún fọ́ìsì nóòtì tẹ́ ẹ ń fọ́wáàdù kiri). Mùsùlùmí ibẹ̀ púpọ̀ fi àwọn tí wọ́n ń lé pamọ́, alihamudulilai, ṣùgbọ́n ká má yangàn jù, Hassan Ngeze tó ń ṣe ìwé ìròyìn Kangura tó ń koná mọ́ ọn, mùsùlùmí lòun náà, ilé ẹjọ́ tí àjọ UN dá sílẹ̀ ní Arusha, ní Tanzania, ló jù ú sẹ́wọ̀n.

Nígbà tí ẹ̀wọ̀n Rùwáńdà kún àkúnya, wọ́n dá kóòtù Gacaca sílẹ̀, láti 2002 dé 2012, ẹjọ́ tí wọ́n gbọ́ sún mọ́ mílíọ̀nù 2. Ìta gbangba ni wọ́n ń jókòó sí, àwọn ará àdúgbò ló yan adájọ́ láàárín ara wọn, ẹni tó bá jẹ́wọ́, tó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, tó sọ ibi tí òkú wà, wọ́n á dín ẹ̀wọ̀n ẹ̀ kù. Ibi tí òkú wà yẹn ló mú mi lọ́kàn jù. Opó tí ò rí egungun ọkọ ẹ̀ sin, kí gan-an lẹ ní kó dárí ẹ̀ jì? Gacaca náà lálèébù o, àwọn kan parọ́, wọ́n pa ẹlẹ́rìí, ohun tí àwọn ọmọ ogun RPF (àwọn tó ṣẹ́gun, tí wọ́n gba ìjọba) ṣe ò sì dé iwájú ẹ̀ rárá.

Ẹ tún wo Sùúrà Bàkará, aáyà 178. Ọwọ́ ẹbí ẹni tí wọ́n pa ni ìdáríjì wà, tí wọ́n bá sì fojú fò ó, ẹni tó jẹ̀bi gbọ́dọ̀ san ohun tó yẹ, kó san án dáadáa. Ìjọba ò lè bá wọn dárí jì, lèmọ́mù ò lè bá wọn dárí jì.

Ìjà ọjà Ṣáṣá láàárín Yorùbá àti Hausa ní February 2021 n'Íbàdàn níbí, kò jọ ti Rùwáńdà rárá, kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ a rí irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí lọ síbẹ̀, wọ́n sun ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ìjọba ti ọjà, wọ́n tún ṣí i, tòmátò padà dé, gbogbo wa ní àlàáfíà ti dé. Ta ló bi àwọn tí èèyàn wọn kú, Yorùbá àti Hausa, pé kí ni wọ́n fẹ́?

Wahshi tó fi ọ̀kọ̀ pa Hamza, àbúrò bàbá Ànọ́bì, lógun Uhud, nígbà tó wá gba Islam, Ànọ́bì bi í pé ṣé ìwọ lo pa Hamza, ó ní bẹ́ ẹ ṣe gbọ́ ọ náà ló rí. Ànọ́bì ò ní kí wọ́n pa á. Ó kàn bi í bóyá ó lè máa gbé ojú ẹ̀ kúrò níwájú òun, Wahshi sì jáde. Nítorí náà, ẹni tó ti dárí jì ṣùgbọ́n tí ò lè jókòó ti onítọ̀hún níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ yé sọ pé inú ẹ̀ ò mọ́.

Ẹ má gbàgbé Sùúrà Kaafi o.