Ṣé Ẹ Ń Bínú Ni?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi náà rèé ní kíṣìnì mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, àwọn ọmọ ti sùn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohun tó ń kùn, fíríìjì ni, ẹ má dá a lóhùn.

Mo pe ọmọ mi lóríkì lẹ́nu géètì iléèwé. "Àdùkẹ́ o!" Tayọ̀tayọ̀ ni o. Ọmọ ọdún méje wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ń bínú ni?"

Háà.

Oríkì tí ìyá mi fi ń pè mí tórí mi fi ń wú! Mo wá rò ó. "Dìde!" "Ṣé o ò gbọ́ ni?" "Màá gbá ẹ létí o!" Gbogbo Yorùbá tí mò ń sọ nílé nìyẹn. Tínú mi bá dùn, òyìnbó ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ wo ilé tiyín náà.

La bá bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Bí wọ́n ṣe ń pa á, ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n. Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo, tíkùn ẹ̀ wú. Ọmọ mi ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ aṣọ, ó ń rìn tàgétàgé, ó ń kọrin ẹ̀bẹ̀, àbúrò ẹ̀ ń gbè é.

Mo gbọ́ yín: "Ìjàpá olè, ọ̀kánjúwà, lẹ fẹ́ fi kọ́ ọmọ níyì ilẹ̀ wa? Mọrèmi ńkọ́?" Ẹ jọ̀ọ́! Mọrèmi fi Olúorogbo, ọmọ bíbí inú ẹ̀, rúbọ! Ìyẹn lẹ ní kí n sọ fọ́mọ ọdún méje kó tó sùn? Ìjàpá yìí bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Kúbà, Jicotea ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, tó ṣì ń dọ́gbọ́n. Olè lásán ló máa ṣèyẹn? Ọmọ mi ò tíì mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, àmọ́ tó bá dorin àlọ́, kì í ṣi ohùn kankan pè. Kí lẹ tún fẹ́?

Ó dáa, mi ò jà.

Ìbéèrè yẹn ṣì ń dùn mí. "Ṣé ẹ ń bínú ni?"

Lánàá, ní géètì yẹn náà, mo rọra pè é: "Àdùkẹ́." Ó kọ́kọ́ wo ojú mi dáadáa. Ó wá yọ ikùn síta níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ń bọ̀ tàgétàgé.