Ṣé Ọjọ́ Orí Ni Lóòótọ́?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máìkì lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú. Bí orúnkún bá ń dun àwọn ìyá wa ní London níbí, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì bá wọn lálejò, a ó ní, "Ṣebí àgbà ló ń dé." Àgbà kẹ̀? Ẹni ọdún 58! Ojúgbà rẹ̀ tó ń gbé Richmond, àdúgbò àwọn olówó, ṣì ń bá ajá sáré láàárọ̀.

Ní 1967, àwọn olùṣèwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìlera àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní Whitehall, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba pọ̀ sí ní London, àwọn tó lé ní 17,000. Kò sẹ́ni tébi ń pa nínú wọn. Gbogbo wọn ló ń gbowó oṣù, ọsibítù ọ̀fẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Síbẹ̀, láàárín ọdún mẹ́wàá, ikú tó pa àwọn ìránṣẹ́ àtàwọn aṣọ́nà tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó pa àwọn ọ̀gá pátápátá. Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ sìgá. Wọ́n yọ ti sìgá kúrò, àlàfo ńlá ṣì kù. Kódà, ẹni tó wà ní ipò kejì kò pẹ́ láyé tó ẹni tó wà lókè rẹ̀.

Ní 1985 wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi obìnrin kún un. Ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ara rẹ̀ ni àrùn ọkàn ń mú jù. Mo wá rántí àwọn ìyá wa tó ń ṣiṣẹ́ òru, tí wọ́n ń gbé arúgbó sókè gbé e sílẹ̀, tí ẹ́jẹ́ńsì tó ń bá wọn wáṣẹ́ á tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí lálẹ́ pé ibòmíì ni wọ́n ń lọ lọ́la. Ta ni wọ́n fẹ́ sọ pé rárá fún? Wọ́n á sanwó ilé, ọmọ ń retí owó ilé ìwé n'Íbàdàn.

Ìròyìn tí Michael Marmot, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣáájú ìwádìí 1985 yẹn, darí ní 2010 sọ pé ní England, àwọn àdúgbò tó tòṣì jù ń fi ọdún méje ṣáájú tàwọn olówó kú. Èyí tó dùn mí jù ni ti àìlera: ọdún 17 ni ara tálákà fi ń ṣáájú ti olówó kọṣẹ́.

Ìjọba sì ní kí ìyá ẹni ọdún 58 yìí máa bọ̀, ó di ọdún 67 kó tó gba owó ìfẹ̀yìntì.

Bí ìyá yín bá ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ó dìgbà kan ná.