Calvin Mateer ní Dengzhou: Físíìsì Láìsí Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọn òyìnbó tó ṣe tíṣà nílé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ṣáínà. Wọ́n pọ̀ jù. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mú: Calvin Mateer, ọmọ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, tí ìjọ Presbyterian rán lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi rí ti mọ ibi tí mò ń lọ: ẹ̀kọ́ ní èdè ìyá. Ẹ fara dà á.

Oṣù kìíní ọdún 1864 ni òun àti Julia, ìyàwó rẹ̀, dé Dengzhou, ìlú etíkun ní Shandong tí wọ́n ń pè ní Penglai lónìí. Ojúbọ Guanyin, òrìṣà àánú àwọn ará Ṣáínà, ni wọ́n fi ṣelé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà péré. Ilé ìwé ló ń bọ́ wọn, òun ló ń ra aṣọ, ṣùgbọ́n òbí gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní yọ ọmọ kúrò kí iye ọdún tí wọ́n jọ fẹnu kò sí tó pé. Ọdún 1877 ni àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tó jáde. Ọdún mẹ́tàlá! Ìjọba tiwa ì bá ti yí ètò ẹ̀kọ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí ló ń kọ́ wọn? Ìṣirò, aljẹ́brà, jiọ́mẹ́tírì, físíìsì, ìmọ̀ ìràwọ̀. Èdè wo ló fi ń kọ́ wọn? Èdè Ṣáínà, látòkèdélẹ̀. Kò rí ìwé tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, lòun àti Zou Liwen, ọmọ Ṣáínà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bá jókòó, wọ́n kọ ọ́. Nínú ìwé ìṣirò wọn, nọ́ńbà 1, 2, 3 táwa náà ń lò ni wọ́n fi ṣírò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìwé Ṣáínà ò tíì gbà á wọlé. Irinṣẹ́ físíìsì ńkọ́? Ó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin síbẹ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Yorùbá ò lè gbé físíìsì, mo rí yín lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ẹ ti ń mirí. Iṣẹ́ Fáfúnwá ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, mi ò ní tún un sọ. Nígbà tí yunifásítì ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Beijing lọ́dún 1898, àwọn ọmọ Dengzhou wà lára àwọn tó lọ kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Lọ́dún 1901, Yuan Shikai, gómìnà Shandong, ránṣẹ́ sí Watson Hayes, ẹni tó gba ipò Mateer, pé kó wá dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba sílẹ̀ ní Jinan.

Ibẹ̀ la dé tí màmá kan fi dìde níwájú. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ìfẹ́ èdè wọn ló mú un, àbí kò fẹ́ kí wọ́n rí ibòmíì lọ?”

Màmá ti sọ ojú abẹ níkòó. Mateer ò fi pamọ́: ọmọ tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ òyìnbó ní èbúté ni yóò sá lọ kó tó parí ẹ̀kọ́. Olùkọ́ àti oníwàásù ló fẹ́ kí wọ́n dà láàárín èèyàn wọn. Ìdí nìyí tó fi ní kí wọ́n há ìwé Confucius, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà àtijọ́, sórí, kí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wọn má baà fojú tín-ín-rín wọn. Àwọn kan nínú ìjọ ní kí Gẹ̀ẹ́sì wọlé, ó kọ̀.

“Ta ló wá bi àwọn ọmọ náà?”

“Òbí ló tọwọ́ bọ̀wé, mà.”

Gbọ̀ngàn pariwo. Mi ò kúrò níbi tí mo wà: kí ọmọ kọ́ físíìsì ní èdè ìyá rẹ̀ dára. Kí wọ́n wá torí ẹ̀ ti ilẹ̀kùn Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn, màmá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, mo sì gbà pé Mateer pa méjèèjì pọ̀.

Alága ń wo aago. Kíákíá: ilé ìwé Dengzhou náà kó lọ sí Weixian, ní Shandong kan náà, lọ́dún 1904, Mateer kú ní Qingdao lọ́dún 1908. Ti Julia, tó kọ́ wọn lórin tó sì ń tọ́jú aláìsàn wọn, ó tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀. Ẹ pè mí lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ sì fún mi ní wákàtí méjì.