Ta ló kọ Ìwé Hébérù?

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà 13 ló ń jẹ́ ti Pọ́ọ̀lù nínú Májẹ̀mú Tuntun, orúkọ rẹ̀ ló sì ṣíwájú gbogbo wọn. Ẹ wá ṣí Hébérù. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò dárúkọ ara rẹ̀. Ọlọ́run ló fi ṣíde, ló bá wọ inú ọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn kan ní Pọ́ọ̀lù náà ló kọ ọ́, pé ó kàn fi orúkọ pamọ́ torí pé inú ń bí àwọn Júù sí i ni. Ó dáa. Kí ló dé tó wá ní kí wọ́n gbàdúrà fóun ní orí 13, kóun lè tètè padà sọ́dọ̀ wọn? Àwọn tó ń kọ̀wé sí mọ̀ ọ́n!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ eléyìí lẹ́nu mi rí, ẹ ṣe sùúrù: orí 2, ẹsẹ 3. Òǹkọ̀wé ní Olúwa ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìgbàlà, àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ló wá fi múlẹ̀ fún wa. Ẹni tó gba ìyìn rere lọ́wọ́ ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Pọ́ọ̀lù kẹ̀? Pọ́ọ̀lù tó rin kinkin mọ́ ọn fáwọn ará Gálátíà pé òun ò gbà á lọ́wọ́ èèyàn kankan?

Wọ́n á ní Bíbélì Ọba James ti 1611 kọ orúkọ rẹ̀ sókè. Èèyàn ló kọ àkọlé. Ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní P46, ti nǹkan bí ọdún 200, náà kó o mọ́ ti Pọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn Róòmù ló fi í sí. Ìyẹn kàn fi hàn pé àṣìṣe náà ti gbó ni.

Alága ti ń wo aago. Nínú àwọn òǹkọ̀wé ìjọ ìgbàanì, Tertullian ní Bánábà ni. Clement ti Alẹkisáńdíríà ní Pọ́ọ̀lù fi èdè Hébérù kọ ọ́, Lúùkù sọ ọ́ di Gíríìkì. Origen ní Ọlọ́run ló mọ̀. Martin Luther, alátùn-únṣe ìjọ ní Jámánì, mú Àpólò, ọmọ Alẹkisáńdíríà, ẹlẹ́nu dídùn tó mọ Ìwé Mímọ́ dunjú. Ibẹ̀ lèmi náà wà.

Mo ti fẹ́ jókòó nígbà tí màmá kan dìde lẹ́yìn: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ló kọ́ Àpólò?"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Gbogbo wa la mọ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18: Pírísílà àti Ákúílà ọkọ rẹ̀ ni. Màmá ò tíì jókòó: "Ṣé torí pé obìnrin ni wọ́n ṣe yọ orúkọ rẹ̀ kúrò?"

Ohun tí Adolf von Harnack, onímọ̀ ẹ̀sìn ará Jámánì, dábàá ní 1900 nìyẹn: pé Pírísílà ló kọ Hébérù. Mo ní kí wọ́n wo orí 11, ẹsẹ 32, níbi tí òǹkọ̀wé ti ní àkókò ò ní tó òun láti sọ ti Gídíónì àti Bárákì: gírámà Gíríìkì ibẹ̀ ń tọ́ka sí ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáwẹ́lì kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀ sí ti obìnrin.

"Ẹni tó lè yọ odindi orúkọ, ṣé fáwẹ́lì kan ló máa nira fún un?"

Mo ní, "Màmá, ìwé àfọwọ́kọ wo ló dárúkọ Pírísílà?"

Wọ́n ní, "Èwo ló dárúkọ Àpólò?"