Sẹ́ẹ̀lì ara yín, búkà Màámi ni

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú sẹ́ẹ̀lì la fẹ́ wọ̀ lónìí, ẹyọ kéékèèké tí wọ́n fi mọ ara gbogbo ohun abẹ̀mí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ti fẹ́ sá báyìí, torí wọ́n ti rántí tíṣà báyọ́lọ́jì tó ń ya róbótó ńlá sára bọ́ọ̀dù, tó fi róbótó kékeré sáàárín, tó ní kí gbogbo kíláàsì yà á sínú nóòtù kí wọ́n sì lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀, ó parí. Èmi náà ya róbótó yẹn títí ó sú mi, mi ò mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìgbà tí mo rò ó mọ́ búkà Màámi ló tó yé mi.

Màámi ta oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ìrẹsì ọ̀fàdà lọ́jọ́ Fúráídeè. Ẹ fojú inú wo búkà yẹn: ẹnu ọ̀nà, ilé ìdáná, àwọn alásè, ibi tí wọ́n ti ń di take-away, jẹnẹrétọ̀, àti yàrá kékeré kan lẹ́yìn tó máa ń tì pa. Gbogbo ẹ̀ pátá ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí ojú lásán ò lè rí, sẹ́ẹ̀lì sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù 30 lára yín bí ẹ ṣe jókòó yẹn.

Ẹnu ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká yára kọjá níbẹ̀. Cell membrane ni mégáàdì. Ọ̀rá ìpele méjì ni wọ́n fi ṣe é, oxygen ń gba àárín ẹ̀ kọjá láì kí ẹnikẹ́ni, àmọ́ ṣúgà ò tó bẹ́ẹ̀, àfi tó bá rí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe fún un. Cell wall ńkọ́? Fẹ́ńsì nìyẹn. Ewéko ní in, olú ní in, bakitéríà ní in. Èèyàn ò ní in! Ewúrẹ́ ò ní in, adìẹ ò ní in! Ẹni tó bá kọ cell wall sára sẹ́ẹ̀lì ẹranko nínú ìdánwò, ẹ jọ̀ọ́, kó má sọ pé èmi ni mo kọ́ òun.

Ó dáa. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í la dé yìí o, ẹ gbé nǹkan tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná.

Wọ́n ti sọ fún yín pé nucleus ni ọpọlọ sẹ́ẹ̀lì, pé ọ̀gá ni, ó jókòó, ó ń pàṣẹ. Rárá o. Nucleus ni yàrá ẹ̀yìn yẹn, nǹkan tó wà nínú yàrá náà sì ni ìwé, ìwé ńlá tí Màámi kọ bí wọ́n ṣe ń se gbogbo ọbẹ̀ sí. Ìwé yẹn ni DNA. Ìwé kì í pàṣẹ fún èèyàn. Ìwé kì í dáná. Ṣé ẹ ti rí ìwé tó dìde lórí tábìlì tó lọ rokà rí?

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ìwé ọ̀hún, A, T, G, C, wọ́n kàn ń tò ó lóríṣiríṣi títí tó fi di nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà, ẹ sì ní ẹ̀dà méjì, bàbá yín fún yín ní ọ̀kan, ìyá yín fún yín ní ìkejì. Tí ẹ bá fa gbogbo ẹ̀ yọ nínú sẹ́ẹ̀lì kan tí ẹ nà án tọ́ọ́rọ́, ó máa tó mítà 2. Mítà méjì! Nínú nǹkan tí ẹ ò lè rí!

Wàyí o, Màámi ní òfin kan. Ìwé yẹn ò gbọdọ̀ jáde ní yàrá. Mo gbé e lọ sílé ìdáná lọ́jọ́ kan, epo pupa dà sí i lórí, ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, etí mi ṣì ń dún títí di òní. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé tí ẹnì kan bá fẹ́ se gbẹ̀gìrì, á wọ yàrá, á da ojú ìwé gbẹ̀gìrì nìkan kọ sórí pépà, kì í ṣe gbogbo ìwé o, ojú ìwé kan yẹn péré, á mú pépà náà lọ bá àwọn alásè. Pépà yẹn ni mRNA. Àwọn alásè ni ribosome. Ribosome á máa ka pépà náà ní lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta, bó ṣe ń kà á ló ń to protein pọ̀, ọbẹ̀ náà nìyẹn, tó bá yá pépà á rin fún epo, wọ́n á ya á dànù, ìwé Màámi ṣì wà nínú yàrá ní mímọ́ tónítóní.

Ẹ bá mi pè é sókè: ÌWÉ Ò JÁDE. PÉPÀ LÓ JÁDE.

Mo tún un sọ, torí mo mọ̀ yín. ÌWÉ Ò JÁDE! Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò nígbà kan pé DNA jáde lọ bá ribosome, òdo gbọingbọin ni wọ́n fún mi, ó sì tọ́ sí mi. Àwọn tó ń pariwo nígbà kòrónà pé abẹ́rẹ́ Pfizer àti Moderna máa yí DNA àwọn padà, ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ṣì í. Pépà ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Wọ́n gbé e fún àwọn alásè nílé ìdáná ní tààrà, wọ́n sè é, wọ́n ya á dànù, kò débi yàrá ẹ̀yìn rárá.

Àwọn alásè kan ń sè é sáàárín ilé ìdáná lásán, oúnjẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ búkà fúnra wọn máa jẹ nìyẹn. Àwọn mìíràn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí wọ́n ń pè ní endoplasmic reticulum, ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn yẹn ń sè, ìta ló ń lọ. Á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ Golgi, Golgi ni àǹtí tó ń di take-away, á tọ́ ọ wò, á dì í, á kọ ibi tó ń lọ sí i lára. Insulin, èyí tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tó ń jáde láti inú pancreas nínú ikùn lọ sínú ẹ̀jẹ̀ yín, irú take-away bẹ́ẹ̀ ni. Lysosome ni ẹni tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, èyí tó ṣì wúlò níbẹ̀, á ṣà á padà sílé ìdáná. Ó tán níbẹ̀, kò le.

Jẹnẹrétọ̀ ló kù. Mitochondria. Ẹ gbọ́, ẹ má sọ ọ́ létí mi mọ́ pé mitochondria ló ń dá agbára. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ń dá epo fúnra ẹ̀ ni? Ẹ̀yin lẹ bu epo sí i! Epo wọlé, afẹ́fẹ́ wọlé, iná jáde, èéfín jáde, omi náà sì máa ń kán ní ẹnu sàlẹ́ńsà nígbà míì. Bákan náà ló rí: ṣúgà àti oxygen wọlé, ATP jáde, carbon dioxide àti omi jáde. Òun lẹ ń mí síta yẹn.

ATP wá ńkọ́? Mo fẹ́ràn èyí gan-an, ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀. Ẹ wọ dáńfó ní Ọ̀ṣòdì láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú 1,000 náírà odidi, kí lẹ máa gbọ́ lẹ́nu kọ̀ńdọ́? “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o! Mi ò ní ṣéńjì o!” Owó wà lọ́wọ́ yín, kò sì wúlò fún yín. Ṣúgà nínú sẹ́ẹ̀lì, 1,000 náírà odidi nìyẹn, kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀ tó lè gbà á lódidi. ATP ni ṣéńjì. Mitochondria ló ń ṣẹ́ ẹ, glucose kan á di ATP bíi 30, gbogbo òṣìṣẹ́ á wá máa gba owó wẹ́wẹ́ ṣiṣẹ́. Ìdí tí ìyá wa fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ kó kan kó tó di gàrí tàbí fùfú náà rèé: cyanide, oró kan, wà nínú ẹ̀gẹ́, jẹnẹrétọ̀ yìí ló sì máa ń lọ dí, oxygen á wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ò ní lè lò ó.

Ewéko ní sólà, chloroplast nìyẹn. Àmọ́ ó ní jẹnẹrétọ̀ PẸ̀LÚ. Méjèèjì! Kí lẹ rò pé ó ń lò lálẹ́?

Ẹ padà síbi ìwé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹni tó ń kọ ìwé Màámi fẹ́ kọ “fi epo sí i”, ó wá fi àmì sí i lórí, ó di “fi èpò sí i”. Àmì orí lásán! Alásè á ka ohun tó rí, á lọ já koríko lẹ́yìnkùlé, á rọ́ ọ sínú ọbẹ̀, ẹ ò sì lè bá alásè wí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde gan-an nìyẹn, sickle cell. Lẹ́tà A kan di T lójú ìwé beta-globin, ẹ̀yà kan lára haemoglobin, protein tó ń gbé oxygen nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun èlò 146, amino acid ni wọ́n ń pè wọ́n, ló wà nínú ọbẹ̀ yẹn, ẹyọ kan péré ló yí padà, ìkẹfà. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ìwé tí òbí kan fún un ló ní àṣìṣe, ti èkejì dáa. Ẹni tó jẹ́ SS, méjèèjì ló kọ “èpò”. Tí haemoglobin rẹ̀ bá ti já oxygen sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra bí okùn, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé, á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró, ìrora dé.

Ẹnì kan á ti fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yẹn ò lọ se òmíràn. Kò ní ìwé mọ́! Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, bó ṣe ń parí ìmúra nínú mùdùnmúdùn eegun, ó gbé gbogbo yàrá ẹ̀yìn sọnù kí àyè haemoglobin lè pọ̀, ohun tó ti sè ṣáájú ló máa fi lo nǹkan bí 120 ọjọ́ ayé ẹ̀, ti SS kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kì í tún ṣe yàrá nìkan o. Kò ní jẹnẹrétọ̀ náà! Ṣéńjì 2 péré ló ń rí ṣẹ́ lórí ṣúgà kan. Gbogbo oxygen tó ń gbé káàkiri ara yín yẹn, kò lo ẹyọ kan nínú ẹ̀, àfi bíi táńkà tó kún fún bẹntiróò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tó jẹ́ pé dísẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń mu.