Ta ló ka ebè yìí? Bí a ṣe ń wá iye ohun tí abúlé wa ń gbìn

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Kábà lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni mo kọ síbí, torí àwọn tí ò ráyè wá ń pè mí láti Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ pé kí n fi ránṣẹ́ sáwọn. Mo ti fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà há a láàárín.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Yàgbà fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ gàrí, ẹni tó fẹ́ yá wọn lówó wá bi wọ́n pé héktà ẹ̀gẹ́ mélòó ló wà ládùúgbò yín, tọ́ọ̀nù mélòó ló ń jáde lọ́dún? Wọ́n gbé ìbéèrè náà wá bá mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ti Nàìjíríà wà, ti Kogí náà wà, ti ìjọba ìbílẹ̀ Yàgbà East ni mo wá wá títí, ìgbà tó yá mo rí ọ̀kan, nọ́ńbà tó rí gún régé, inú mi dùn, mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́ kí n tó ka bí wọ́n ṣe ṣe é, àṣé ti ìpínlẹ̀ ni wọ́n mú tí wọ́n pín káàkiri. Kò sẹ́ni tó dé Yàgbà. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀gẹ́ kan.

Látọjọ́ yẹn, tẹ́nì kan bá ti fi nọ́ńbà oko hàn mí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni pé ta ló kà á, ibo ló dúró sí nígbà tó ń kà á? Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ohun tí mo wá sọ dá lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látòkè. FAO, àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, ní nọ́ńbà fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè lódindi ni tiwọn. NAERLS, ilé iṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tó wà ní yunifásítì ABU Zaria, máa ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀gbìn lọ́dọọdún, ìpínlẹ̀ ni tiwọn náà ń dúró sí. NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń kó nọ́ńbà jọ, àti Báńkì Àgbáyé wá bẹ̀rẹ̀ sọ́fè kan, ìyẹn ìwádìí láti agbolé dé agbolé, lọ́dún 2010 tí wọ́n ń pè ní General Household Survey-Panel, iṣẹ́ gidi ni, mo bọ̀wọ̀ fún un: wọ́n á wá lẹ́yìn ìgbìn, wọ́n á tún padà wá lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á gbé GPS rìn yí oko po dípò kí wọ́n kàn gba ọ̀rọ̀ ẹnu àgbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni dátà ẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wà á jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Agbolé 5,000 ni wọ́n mú, láti àdúgbò 500, fún gbogbo Nàìjíríà. Ìjọba ìbílẹ̀ wa jẹ́ 774. Ká tiẹ̀ ní wọ́n pín in lọ́kọ̀ọ̀kan, 274 ò ní rí ẹyọ kan. Àwọn tó ṣe é gan-an ò fi pamọ́, wọ́n kọ ọ́ pé ẹkùn mẹ́fà tí a pín Nàìjíríà sí ni nọ́ńbà àwọn lè ṣojú fún. Ẹkùn tiwa sì rèé, àwa, Kwara, Niger, Benue, Nasarawa, Plateau àti Àbújá pọ̀ nínú ìkòkò kan, ẹni tó ń gbin kòkó ní Ìyàmoyè àti ẹni tó ń gbin pòtétò ní Jos. Ẹ ò lè bu ti Ìjùmú jáde nínú ìyẹn.

Ẹnì kan ní ṣebí wọ́n fi ojú ibi tí abúlé wà síbẹ̀, kí n kàn wá èyí tó bọ́ sọ́dọ̀ wa. Wọ́n fi síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ sún un kúrò, tó bá jẹ́ ìgbèríko ó lè fi kìlómítà 5 yà sí ibi tó wà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá àwọn tó dáhùn mọ̀. Kìlómítà 5 lọ́dọ̀ wa, ẹ ti dé abúlé míì nìyẹn.

Ètò kíka àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn wá ńkọ́? 1993 sí 1994 ni wọ́n ṣe é, ó wá di 2022 kí wọ́n tó tún ṣe òmíràn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́ ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn, ó ti ní oko tiẹ̀.

Nọ́ńbà Yàgbà tí wọ́n kàn pín káàkiri yẹn, irú ẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni SPAM, máàpù ọ̀gbìn tí ilé ìwádìí IFPRI ṣe. Wọ́n á mú iye tí ìjọba kọ fún orílẹ̀-èdè tàbí ìpínlẹ̀, wọ́n á wá fi òjò, ilẹ̀, iye èèyàn àti àwòrán sátẹ́láìtì tàn án sínú àwọn ilẹ̀ onígun mẹ́rin kéékèèké tó tó kìlómítà 10 sí 10. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe tàn ká Áfíríkà, ó wúlò fún un gan-an. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ gàrí sí Ìsánlú kò gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí báńkì.

Ká wo bí àwọn ibòmíì ṣe ṣe é. Ní England, lẹ́yìn tí àrùn màlúù jà wọ́n lọ́dún 1865, wọ́n rí i pé àwọn ò tiẹ̀ mọ iye màlúù táwọn ní, lọ́dún 1866 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń ro ó pọ̀ ní parish kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àdúgbò ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ju abúlé kan lọ níbi púpọ̀. Ìwé yẹn ṣì wà ní ilé àkójọ wọn ní Kew. Abúlé kan lè mọ iye àgùntàn tó wà níbẹ̀ láyé bàbá ńlá wọn! Ti àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọn kì í fi síta, àpapọ̀ nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà náà, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ka àgbẹ̀, county kọ̀ọ̀kan, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ló sì ní nọ́ńbà tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé níbòmíì lẹ́tà D ni wọ́n fi síbẹ̀ dípò nọ́ńbà. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n o. Tó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì ló ń sin adìyẹ níbẹ̀, àpapọ̀ yẹn ti tú àṣírí òwò wọn nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sórí ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò mẹ́ta, Battese, Harter àti Fuller, gbé iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 1988, wọ́n fẹ́ mọ héktà àgbàdo àti sóyà ní county 12, ilẹ̀ 37 péré ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkorojú láti mọ héktà tó wà níbẹ̀, county míì ò ní ju ẹyọ kan lọ nínú ẹ̀. Wọ́n wá lo àwòrán sátẹ́láìtì Landsat tó borí gbogbo county náà, wọ́n fi ìwọ̀nba tí wọ́n kà kọ́ àwòrán náà lẹ́kọ̀ọ́, county tí wọ́n ka ilẹ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀ wá ń yá ìmọ̀ lọ́wọ́ àwọn mọ́kànlá yòókù. Ibi tí ẹnì kan ti lọ bá olóko wà nínú ẹ̀, ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ nìyẹn.

Ṣé àwa náà lè ṣe é? Sátẹ́láìtì wà. Sentinel-2 ti àwọn Yúróòpù ń ya ilẹ̀ wa láti 2015, ojú àwòrán ẹ̀ kan jẹ́ mítà 10 sí 10, ọ̀fẹ́ ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àgbàdo Iowa dúró lóun nìkan ni, tiwa, ebè kan ṣoṣo lè ní iṣu lórí, àgbàdo létí, ẹ̀gúsí á tún fà nílẹ̀, wọ́n á tún ti igi ẹ̀gẹ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí iṣu bá kù díẹ̀ kó jáde. Kí ni sátẹ́láìtì fẹ́ pe ìyẹn? Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ nínú oṣù keje, kùrukùru ti bo ojú ọ̀run. Kòkó tó wà lábẹ́ igi ńlá dà bí igbó lójú ẹ̀. Kajú ló rọrùn díẹ̀, torí igi ni, ó dúró sójú kan láti ọdún dé ọdún. Tẹ́nikẹ́ni bá fẹ́ fi sátẹ́láìtì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kajú ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé kò sí nǹkan kan nílẹ̀ o. Ó wà, ó kàn fọ́n ká ni. ADP Kogí, àjọ ìdàgbàsókè ọ̀gbìn ti ìpínlẹ̀, pín ìpínlẹ̀ sí zone mẹ́rin, Zone A tiwa wà ní Ayétòrò-Gbẹ́dẹ̀, zone pín sí block, block pín sí cell, gbogbo cell ló yẹ kó ní òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tiẹ̀. ADP náà máa ń wọn oko àti ìkórè nígbà tí owó bá wà. Ẹ má kàn lọ béèrè ìròyìn ọdún tí wọ́n ti tẹ̀, ìpínlẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní cell ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀ kí ikán tó jẹ ẹ́.

Ẹni tó ń wá ti àtijọ́, ẹ rántí pé 1991 ni wọ́n dá Kogí sílẹ̀. Ṣáájú ìyẹn Kwara la wà, nítorí náà ìwé Ìlọrin lẹ máa yẹ̀ wò. Ti ayé òyìnbó tí a wà lábẹ́ Kabba Province ńkọ́, Kaduna ló wà, ní ilé àkójọ ìjọba, kì í ṣe Ìbàdàn, torí Àríwá ni wọ́n kà wá mọ́. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọ̀sẹ̀ kan wá a ní Ìbàdàn. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ ààlà, Yàgbà jẹ́ ọ̀kan kí wọ́n tó pín in sí East àti West, ẹni tó bá fi nọ́ńbà Yàgbà àtijọ́ wé ti Yàgbà East ìsinsìnyí á rò pé oko ti run.

Àwọn tó ń ra kajú náà ní ìwé. Wọ́n ń fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, wọ́n ń kọ kílò, wọ́n ń kọ ọjọ́. Ìwé alájẹṣẹ́kù wà. Ẹ kàn rántí pé kajú tí wọ́n wọ̀n ní Kábà lè ti Búnú wá, ó sì lè ti ibi tó jìnnà ju ìyẹn wá, ọjà kì í ṣe oko.

Èyí tó kù ni kí àwa fúnra wa kà á. Ibí yìí ni mo ti pẹ́ jù lọ́jọ́ náà, torí àwọn àgbà tó jókòó níwájú ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Tẹ́ ẹ bá bi àgbẹ̀ wa pé héktà mélòó lẹ ní, á wo yín. Ẹ bi í pé ebè mélòó lẹ kọ lọ́dún yìí, á dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀, irinwó, ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀wá, torí ebè ló fi ń san owó lébìrà. Ìyẹn ni pé wọ́n ti ka oko yẹn kẹ́ ẹ tó dé! Iṣẹ́ tó kù fún yín ò ju kẹ́ ẹ mọ bí ebè ṣe jìnnà síra. Ẹ mú tépù, ẹ wọ̀n láti orí ebè kìíní dé orí ebè kọkànlélógún, ẹ pín in sí ogún, ẹ tún ṣe é lódì kejì. Tó bá jẹ́ mítà kan sí mítà kan, ebè 10,000 ló wà nínú héktà. Tó bá jẹ́ mítà kan àti ìdámẹ́rin, 6,400 ni. Ẹgbẹ̀wá ebè ti bàbá kan lè jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún héktà, ti ẹlòmíì tó ń kọ ebè ńlá á jẹ́ ìyẹn àti ìdajì ẹ̀, á tún lé díẹ̀, nọ́ńbà ebè kan náà o. Nítorí náà ẹ má jókòó sílé fi nọ́ńbà ebè ṣe ìṣirò, ẹ dé oko.

Ti ìkórè, ẹ wọn mítà 10 sí 10, ẹ hú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ìlọ́po 100 kílò yẹn ni ti héktà. Ẹ má jẹ́ kí olóko yan ibẹ̀ fún yín, ibi tó dára jù ló máa mú yín lọ, kì í ṣe irọ́ ló ń pa, àlejò lẹ jẹ́, ohun tó dáa là ń fi han àlejò. Ìgò àti múdù náà, ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n, torí múdù ọjà kan kì í ṣe múdù ọjà kejì. Ẹ̀gẹ́ tó lo ju ọdún kan lọ nínú ilẹ̀, ẹ kọ ọdún tí wọ́n gbìn ín, tí ẹ ò bá kọ ọ́ ẹ máa kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá obìnrin sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé agbolé tẹ́ ẹ bi bàbá nìkan, ẹ̀gúsí tí ìyàwó gbìn sáàárín ebè ọkọ ò ní jáde nínú ìwé yín, ẹ̀wà ẹ̀ ò ní jáde, oko tó dá fúnra ẹ̀ ò ní jáde, bẹ́ẹ̀ òun náà ló máa gbé ẹ̀gẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ gàrí yẹn.

Ìyá kan dìde nígbà tí a fẹ́ parí, ó ní, "Ọmọ mi, láyé bàbá wa, ẹni tó bá ti wá ka nǹkan, owó orí ló ń bọ̀ wá gbà. Kí ni mo fẹ́ sọ iye ebè mi fún ẹ sí?" Gbogbo ilé dákẹ́. Mo ní Ìyá, òótọ́ lẹ sọ, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́tà D yẹn fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i: a ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú èyí tó máa jáde, abúlé tí kò bá tó oko márùn-ún a máa pa á pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àpapọ̀ yẹn la máa kọ́kọ́ kà létí ìgbìmọ̀ abúlé kó tó lọ síbòmíì, tí wọ́n bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ a padà sóko.

Ìyá náà ní kí n kọ́kọ́ wá wọn tòun ná, lójú òun. Ọjọ́ kejì ọjà tó ń bọ̀ la dá, èmi ni mo ń gbé tépù àti ìwọ̀n wá, ẹni tó bá ní fóònù tó lè gba GPS, kó ti cháàjì ẹ̀ kún láti alẹ́.