Bá a ṣe lè fi àkókò àwọn oníspam ṣòfò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwọn tí wọn ò ráyè wá sí sẹminá wa l'Abẹ́òkúta ló ní kí n kọ ohun tí mo sọ síbí, òun nìyí.

Spam, ìyẹn ímeèlì ìpolówó téèyàn ò béèrè fún, ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́dún 1978 ni Gary Thuerk tó ń bá DEC, iléeṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, tajà l'Amẹ́ríkà ti fi ìpolówó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 èèyàn lórí ARPANET tó ṣáájú íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n bínú gan-an, àmọ́ òun ní ọjà tà. Ẹ wò ó, èrè orí lẹ́tà kan ò tó nǹkan, àfi kí oníspam rọ́ ọ jáde ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Bí awakọ̀ tó ń ná Kútọ̀ sí Pánṣẹ́kẹ́ ló rí, iye ìgbà tó bá lọ tó bọ̀ ló máa sọ owó ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dá a dúró ẹ ti pa á lówó nìyẹn.

Iṣẹ́ sáfà ẹ̀tàn nìyẹn (sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà míì lóhùn). Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ kó máa dáhùn ní port 25, ẹnu ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà wọlé, bíi sáfà ímeèlì gidi, síbẹ̀ kò sí lẹ́tà ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe OpenBSD, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní ọ̀kan tó ń jẹ́ spamd, tí ẹni tó wà ní blacklist (orúkọ àwọn tí wọ́n ti kà sí oníspam) bá ti kanlẹ̀kùn, ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì kan ló fi máa dá a lóhùn, bíi nínú 220 tó jẹ́ ìkíni: 2... ó tún dúró... 2... 0... RFC 5321, ìwé ìlànà ímeèlì, tiẹ̀ sọ pé kẹ́ni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní sùúrù tó ìṣẹ́jú 5 kó tó ní òun ò rí ìkíni gbà, oníspam wo ló fẹ́ dúró ìṣẹ́jú 5? Èmi ò rí ohun tó dùn ún wò nínú log (àkọsílẹ̀ ohun tí sáfà ṣe) tó yẹn.

Àwọn kan tún ń ṣe open relay (sáfà tó ń bá ẹnikẹ́ni fi ímeèlì ránṣẹ́) ayédèrú, irú Jackpot tí wọ́n fi Java kọ. Oníspam ò gọ̀ ṣá o, ó máa kọ́kọ́ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ara ẹ̀ wò bóyá ó máa dé. Sáfà á jẹ́ kí ìyẹn kọjá, kó wá gbé gbogbo ìyókù mì. Bọ̀ọ̀dá kan bi mí pé tí ìyókù bá lọ ṣèèṣì kọjá ńkọ́? Ha, IP yín, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ kọ̀ǹpútà yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló máa bọ́ sọ́wọ́ Spamhaus, àwọn tó ń kọ orúkọ oníspam sílẹ̀, nìyẹn, ímeèlì àwọn kọ́sítọ́mà yín náà ò ní lọ mọ́. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní kẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ dán an wò.

Èyí tó rọrùn fún àwọn aláṣọ àdìrẹ Ìtòkú tó ní wẹ́bsáìtì ni àdírẹ́sì ímeèlì tójú èèyàn ò lè rí lórí pages wọn, àmọ́ tí rọ́bọ́ọ̀tì (ètò kọ̀ǹpútà) tó ń ṣa àdírẹ́sì fún oníspam máa kó. Matthew Prince àti Lee Holloway, tí wọ́n wà lára àwọn tó dá Cloudflare sílẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ Project Honey Pot lọ́dún 2004: rọ́bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ní àdírẹ́sì tiẹ̀, wọ́n á kọ IP àti àsìkò tó wá mọ́ ọn, ọjọ́ tí spam bá dé síbẹ̀ wọ́n ti mọ ẹni tó ṣa á. Ẹ má wá lọ fi àdírẹ́sì òṣìṣẹ́ tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣe é o, torí àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ àtijọ́ ṣì lè kọ̀wé sí i, ẹ á wá kà wọ́n sí oníspam, ẹ á sì tì wọ́n mọ́ta.